Onílé ní òun kì í gba lọ́yà: ta ló yẹ kó wọlé lórí Mastodon?

Lọ́dún tí mo ń wá ilé káàkiri Yábàá àti Sùúrùlérè, éjẹ́ǹtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí mo ṣe ní lọ́yà ni mí báyìí, ojú wọn yí padà. Ọ̀kan tiẹ̀ káàánú mi, ó ní: "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o. Bàbá onílé yìí ò gba lọ́yà, ò gba ṣọ́jà, ò gba ọlọ́pàá." Mo ní kí ni lọ́yà fi ṣe bàbá? Ó ní lọ́yà kan ló gbé inú ilé náà rí, kò sanwó fún ọdún méjì, nígbà tí bàbá ní kó kó jáde, ó gbé bàbá lọ sí kóòtù. N kò mọ lọ́yà náà rí. N kò jẹ onílé kankan lówó rí. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni mo fi rin inú oòrùn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbé nínú ẹsítéètì ní Lẹ́kí. Tí ẹ bá fẹ́ lọ kí i, ó gbọ́dọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí ẹ tó dé géètì. Tí kóòdù ò bá sí, àwọn síkiọ́rítì ò ní bi yín bóyá lọ́yà ni yín tàbí olè. Kò kàn wọ́n. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé, ẹ yí ọkọ̀ yín padà.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra. Bàbá onílé ní ìwé orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹni tó bá kù lè máa bọ̀. Ẹsítéètì ní ìwé orúkọ àwọn tó lè wọlé, ẹni tó bá kù, ó dàbọ̀. Lédè àwọn oníkọ̀ǹpútà, blocklist ni ti bàbá onílé, allowlist ni ti ẹsítéètì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan láàárín àwọn tó ń darí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tí kò ní olórí kan ṣoṣo, irú bíi Mastodon. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí lórí fóònù dá sí i, nítorí tí wọ́n bá parí ẹ̀ láìsí wa níbẹ̀, mo mọ àwọn tí orúkọ wọn ò ní sí nínú ìwé.

Kí ló kan ọmọ Nàìjíríà nínú ẹ̀? Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fòfin de Twitter, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Oṣù méje gbáko la fi ń sá sẹ́yìn VPN, títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ pé orí Twitter ni wọ́n ti ń rí oníbàárà kan ń wò ni. Kóòtù ECOWAS padà sọ ní oṣù keje ọdún náà pé ìfòfindè ọ̀hún ò bófin mu, ṣùgbọ́n omi ti dànù. Ìjọba fúnra rẹ̀ wá kó lọ sórí Koo, ìkànnì àwọn ará Íńdíà, ó ṣí àkáǹtì síbẹ̀. Níbo ni Koo wà lónìí? Wọ́n ti kógbá sílé láti ọdún 2024.

Ohun tí ìyẹn kọ́ mi ni pé ilé tó bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú ló ni gbogbo wa. Ó lè jẹ́ ìjọba. Ó lè jẹ́ olówó kan tó ra ilé náà lóru mọ́jú, bí Elon Musk ṣe ra Twitter ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn sá lọ ni Mastodon. (Twitter tiẹ̀ bínú débi pé ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó dínà mọ́ líǹkì tó bá ń darí èèyàn lọ síbẹ̀. Olówó ayé ń jowú.)

Eugen Rochko, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ Mastodon lọ́dún 2016. Kì í ṣe ilé kan, àdúgbò ni. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fíwià rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, kó sì gba èèyàn mẹ́wàá tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá síbẹ̀. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní adarí tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú sáfà yìí lè bá àwọn tó wà nínú sáfà yẹn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń lo Gmail ṣe lè kọ̀wé sí ẹni tó ń lo Yahoo. ActivityPub ni orúkọ èdè tí àwọn sáfà náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àjọ W3C tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2018. Tí ẹ bá wà lórí sáfà kan n'Ìbàdàn, tí ẹ ń tẹ̀lé ẹnìkan tó wà lórí sáfà kan ní Berlin, ohun tó bá kọ á rìn wá bá yín nílé.

Ẹ rí i pé kò sí mínísítà tó lè fi ọ̀rọ̀ kan ti gbogbo ilé wọ̀nyẹn pa. Ibẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹnì kankan lókè tó lè sọ pé "ẹ lé ọkùnrin yẹn jáde" tí ẹnìkan bá ń bú èèyàn káàkiri. Adarí kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kó wọ ilé òun, àti ibi tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé òun dé. Ìwé orúkọ ló sì fi ń ṣe é.

Bí Mastodon ṣe wà gan-an, ó ṣí sílẹ̀. Sáfà tí ẹ ò bá dínà mọ́ lè bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dínà, ó ní ìpele. Ẹ lè dín ohùn sáfà náà kù: ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ò ní máa hàn ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀lé wọn tẹ́lẹ̀ á ṣì máa rí wọn. Ẹ sì lè yọ ọ́ pátápátá: ohunkóhun ò ní wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́, okùn tó so ará ilé yín àti ará ilé wọn pọ̀ á já. Ìpele tó le jù ni allowlist. Ó wà nínú sọ́fíwià náà o, ẹ kàn máa tan án ni: láti ìgbà náà lọ, sáfà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ Mastodon fúnra wọn sọ nínú ìwé ìlànà wọn pé iléèwé àti iléeṣẹ́ tó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn làwọn ṣe é fún, nítorí ó lòdì sí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá Mastodon sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bóyá blocklist ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2019, Gab kó wọ inú àdúgbò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ Gab, ìkànnì kan ní Amẹ́ríkà ni, ibi tí àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra ẹ̀yà míì pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó pa èèyàn 11 nínú sínágọ́gù kan ní Pittsburgh lóṣù kẹwàá ọdún 2018 ti kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kó tó gbé ìbọn. Nígbà tí ojú wá ń ti àwọn iléeṣẹ́ láti bá Gab ṣòwò, Gab gbé sọ́fíwià Mastodon, ó tún un ṣe díẹ̀, ó di onílé láàárín àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fíwià náà, kò sí bí Rochko ṣe fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Adarí lọ́tùn-ún, adarí lósì, oníkálukú ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣe áàpù tí wọ́n fi ń wọ Mastodon tiẹ̀ kọ ọ́ sínú áàpù wọn pé kò ní gbé ẹnikẹ́ni dé Gab. Gab wà níbẹ̀, ó ń pariwo nínú yàrá ara ẹ̀, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Nígbà tó di 2020, òun fúnra ẹ̀ gé okùn tó so ó mọ́ àwọn yòókù. Kò sí kóòtù, kò sí mínísítà, kò sí ìfòfindè tó kó gbogbo ìlú mọ́ ọn. Ó wù mí kí àwọn aṣòfin wa tó máa ń sáré gbé àbá òfin ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ jáde ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ Gab tóbi, gbogbo ayé ló mọ orúkọ ẹ̀ kó tó dé. Àwọn kékeré ńkọ́? Níbí ni àwọn tó fẹ́ allowlist ti ní ẹjọ́ rere lẹ́nu, mi ò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kó kúrò lórí Twitter ní ìparí 2022, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó dé Mastodon ló sọ pé èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà làwọn kọ́kọ́ bá pàdé. Láti orí àwọn sáfà tí ẹnì kankan ò gbọ́ orúkọ wọn rí ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Ẹ block ọ̀kan lónìí, lọ́la á ti ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù tuntun tí kò wọ́n, á tún padà wá. Àléébù blocklist nìyẹn: ó máa ń pẹ́ dé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ìyà kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹni tó fi jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti kọ ìsọkúsọ ránṣẹ́ sí ní aago méjì òru, àlàyé pé a ti block wọn láàárọ̀ ò lè mú un sùn padà.

Mo gbà. Síbẹ̀, n kò lè tẹ̀lé wọn dé allowlist fún àdúgbò tó ní òun ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, iṣẹ́ tí mo kọ́ ni kò jẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 36, ẹsẹ 5, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí tí wọ́n á fi fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé adarí sáfà kì í ṣe adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin yẹn ò dè é. Ilé rẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan àlejò. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn òfin náà ni mo ń bi: ta ló yẹ kó ru ẹrù ẹ̀rí? Lábẹ́ blocklist, ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ló máa sọ ohun tí àlejò ṣe. Lábẹ́ allowlist, àlejò ló máa sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí kò sì jẹ ẹ́ ní èsì.

Ẹ sọ ọ́ di ti wa. Ká ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín mẹ́ta dá sáfà sílẹ̀ lọ́la fún àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá. Ẹ̀ ń san owó sáfà láti inú owó oúnjẹ yín, ẹ̀ ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lóru. Tó bá jẹ́ blocklist ni gbogbo àdúgbò ń lò, ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí ní Houston lè tẹ̀lé yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣílé. Tó bá jẹ́ allowlist ni, ẹ máa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí adarí kan ní Toronto, òmíràn ní Paris, òmíràn ní Tokyo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú wọn ló ráyè? Púpọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni wọ́n ń ṣe é, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n á wo orúkọ yín, wọn ò mọ̀ yín, wọ́n á rí "Nàìjíríà", ẹ sì mọ ohun tó máa ń wá sọ́kàn oyìnbó tó bá rí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti gbìyànjú láti rajà lórí ayélujára, tó wá orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìlà tí wọ́n tò, tó kọjá New Zealand àti Niger, tó dé Norway láìrí ara ẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Kò sẹ́ni tó lé e. Wọn ò kàn kọ ọ́ mọ́ ọn ni. Ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Ẹ sì má rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe. Ímeèlì náà ò ní olórí kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sáfà ímeèlì tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dán an wò lónìí kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ yín tó ń lo Gmail, kí ẹ rí i bóyá spam kọ́ ni lẹ́tà yín máa balẹ̀ sí. Nítorí àwọn oníwàyó (àwa náà kó ipa tiwa, ká má purọ́), àwọn iléeṣẹ́ ńlá mélòó kan ló ń pinnu lẹ́tà tó ṣeé gbà gbọ́, tí ẹni kékeré sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Tí allowlist bá di àṣà lórí Mastodon, àwọn ńlá ló máa kọ ìwé orúkọ náà. Meta ti ń fi Threads wọlé sínú àdúgbò yìí láti ìparí 2023. Ọ̀pọ̀ adarí ló ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n nínú ayé allowlist, Threads ni gbogbo ènìyàn á fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé ẹ̀.

Nítorí náà, blocklist ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti bàbá onílé, irú ìyẹn sì ti pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ sáfà ló dínà mọ́ journa.host, sáfà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn, nítorí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí àwọn kan níbẹ̀ kọ. Gbogbo oníròyìn tó kù níbẹ̀, tí wọn ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀, ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sí èmi tí mo dúró níwájú éjẹ́ǹtì?

Èyí tó burú jù ni ìwé tí wọ́n ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn. Adarí kan á kó orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún sáfà jọ, adarí míì á dà wọ́n sínú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ka ìdí, kò wo ẹ̀rí, ó lọ sùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjà àdáni ló gbé orúkọ kan dé inú ìwé náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkandájọ́ ni àgbà òṣìkà. Ẹni yìí ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ìdájọ́ ló dà kọ. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n yọ sáfà yín pátápátá, tí wọ́n wá rí i pé àṣìṣe ni, ilẹ̀kùn lè ṣí padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀lé yín tẹ́lẹ̀ ti lọ, ẹ máa tún wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Kí ìdí wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì hàn síta. Kí wọ́n kọ̀wé sí adarí sáfà náà kí wọ́n tó yọ ọ́, àyàfi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìhàlẹ̀ ikú tàbí àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé, ìyẹn ò nílò lẹ́tà. Kí wọ́n sì máa yẹ ìwé náà wò látìgbàdégbà, torí sáfà ń pààrọ̀ ọwọ́.

Sáfà tuntun tí ẹnì kankan ò mọ̀ ńkọ́, tó lè jẹ́ ti àwọn eléèébú yẹn? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe padà rí ilé. Ìyá kan ní Ṣómólú gbọ́ pé lọ́yà ni mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú oníduùró méjì wá, ó sì gba owó ọdún kan péré lọ́wọ́ mi, ó ní tọ́dún bá yí, ká tún jọ sọ̀rọ̀. Kò lé mi. Kò sì kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Ìpele àkọ́kọ́ tí mo sọ lókè, ti dídín ohùn kù, lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn: kí ọ̀rọ̀ sáfà tuntun dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fúnra wọn yàn láti tẹ̀lé e, kó má tíì máa já lu àjèjì, títí tí ojú á fi mọ ojú. Á fa ìdádúró díẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá wa yẹn, lóòótọ́. Ó sàn ju lẹ́tà ẹgbẹ̀rún lọ.

Ibi tí mo ti gbà kí allowlist wà kò ju mélòó kan lọ. Sáfà àwọn ọmọ girama, bẹ́ẹ̀ ni. Sáfà àwọn obìnrin tí wọ́n sá fún ọkọ tó ń lù wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ti géètì pa, kí wọ́n sì fi àgádágodo kún un. Àkáǹtì tiyín fúnra yín pẹ̀lú: ẹ lè ṣètò ẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tí ẹ bá gbà nìkan ló máa tẹ̀lé yín, kò sẹ́ni tó lè bi yín ní ìdí. Yàrá ìbùsùn yín nìyẹn. Ọjà gbogbogbòò ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí sáfà kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ojú ewé About rẹ̀. Ọ̀pọ̀ adarí ló máa ń to orúkọ àwọn sáfà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìdí. Ẹ kà á. Tí ẹ bá rí ọgọ́rùn-ún orúkọ tí kò sí ìdí níwájú ọ̀kankan nínú wọn, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí adarí, ẹ mú márùn-ún nínú ẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe. Bó ṣe bá dáhùn, tàbí tí kò bá dáhùn, ni kí ẹ fi mọ̀ bóyá ẹ máa gbé ibẹ̀.